Bí A Ṣe Lè Rí Ìkùnà Iṣẹ́ Tó Pín Sí Ọ̀pọ̀ Ọwọ́ Kí Ó Tó Ṣẹlẹ̀

Iṣẹ́ òwò òde òní kì í sábà bẹ̀rẹ̀ kí ó sì parí sí ọwọ́ ẹnì kan tàbí inú kọ̀ǹpútà kan. Oníbàárà tẹ bọ́tìnì láti ra ọjà, ẹ̀ka kan gba ìbéèrè rẹ̀ wọlé, ilé iṣẹ́ mìíràn ni ó gba owó lọ́wọ́ rẹ̀, ilé ìkẹ́rùsí ni ó wò bóyá ọjà wà nílẹ̀, àwọn tí ó ń gbé ẹrù wà níwájú, ẹ̀ka ìṣirò owó sì ń dúró lẹ́yìn láti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní sáfà tirẹ̀, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí ó ń dá àwọn kọ̀ǹpútà mìíràn lóhùn, kí àwọn tí ó ń tọ́jú àwọn sáfà náà má sì mọ ara wọn rárá. Irú iṣẹ́ báyìí ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, mo sì fẹ́ ṣàlàyé bí ẹni tí ó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ ṣe lè mọ̀ ṣáájú pé ó fẹ́ dákú, kí omi tó tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu.

Ní ọdún 1987, Leslie Lamport, ọ̀kan lára àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà tí ó ronú jinlẹ̀ jù lórí ọ̀rọ̀ yìí, kọ ọ́ sí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé ètò tó pín káàkiri ni èyí tí kọ̀ǹpútà tí ènìyàn kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó wà lè bàjẹ́, kí ó sì sọ kọ̀ǹpútà tirẹ̀ di aláìwúlò. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó ṣì rí títí di òní. Ṣùgbọ́n ohun tí iṣẹ́ yìí ti kọ́ mi ni pé irú ìkùnà bẹ́ẹ̀ kì í sábà dé lójijì. Kí iṣẹ́ tó kú, yóò kọ́kọ́ falẹ̀. Kí ó sì tó falẹ̀ níbi gbogbo, yóò kọ́kọ́ falẹ̀ ní ibì kan, ní àárín ọwọ́ méjì, níbi tí ẹni tí ó fi nǹkan ránṣẹ́ ti gbà pé òun ti ṣe tòun, tí ẹni tí ó yẹ kí ó gbà á kò sì mọ̀ pé nǹkan kan ń bọ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ sọ ìkùnà tẹ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́ bí a ti ń ṣọ́ ìdúró. Pé sáfà kọ̀ọ̀kan ń ṣiṣẹ́ kò sọ fún wa pé iṣẹ́ ń lọ.

Ẹ ya iṣẹ́ náà bí ó ṣe ń lọ gan-an

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti orí àwòrán tí ó wà nínú fáìlì ọ́fíìsì, nítorí pé bí wọ́n ṣe fẹ́ kí iṣẹ́ rí ní ọjọ́ tí wọ́n yà á ni irú àwòrán bẹ́ẹ̀ máa ń sọ. Ẹ mú iṣẹ́ kan tí ó parí lánàá, kí ẹ tẹ̀ lé e láti ọwọ́ dé ọwọ́, kí ẹ sì bi ẹni kọ̀ọ̀kan léèrè ohun tí ó gbà, ìgbà tí ó gbà á, àti ibi tí ó fi í ránṣẹ́ sí. Àwọn àmì tí a fi ń ya irú àwòrán yìí wà nílẹ̀: BPMN ni wọ́n ń pè é, ẹ̀dà 2.0 rẹ̀ sì jáde ní ọdún 2011. Bí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n lò, ìwé àti bírò náà tó. Ẹ fi àpótí dúró fún ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi ọfà so wọ́n pọ̀, kí ẹ sì rántí pé orí ọfà ni ewu wà jù.

Lórí ọfà kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ìdáhùn sí ìbéèrè mẹ́ta. Kí ni ó ń kọjá níbẹ̀? Báwo ni ó ṣe máa ń pẹ́ tó ní ọjọ́ tí nǹkan bá lọ déédéé? Bí kò bá dé, ta ni yóò kọ́kọ́ mọ̀? Ìbéèrè kẹta yìí ni ó máa ń tú àṣírí. Ní ọ̀pọ̀ ibi tí mo ti béèrè rẹ̀, ńṣe ni àwọn tí ó wà ní ìdí ọfà àti àwọn tí ó wà ní ẹnu rẹ̀ ń wo ara wọn lójú, nítorí pé kálukú wọn ti gbà pé èkejì ni yóò mọ̀. Bí ìdáhùn bá jẹ́ pé oníbàárà ni yóò kọ́kọ́ mọ̀, ẹ fi bírò pupa yí ọfà náà ká. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ pe àwọn tí iṣẹ́ náà ń gba ọwọ́ wọn kọjá jọ fún wákàtí kan. Gary Klein, onímọ̀ nípa bí ènìyàn ṣe ń ṣe ìpinnu, ṣàlàyé ọ̀nà kan ní ọdún 2007 tí mo fẹ́ràn gidigidi: ẹ ní kí wọ́n gbà pé oṣù mẹ́fà ti kọjá, pé iṣẹ́ náà ti dàrú pátápátá, kí ẹni kọ̀ọ̀kan wá kọ ohun tí ó dà á rú sílẹ̀. Ọ̀gá kì í fẹ́ gbọ́ pé iṣẹ́ lè bàjẹ́, òṣìṣẹ́ kékeré kì í sì í fẹ́ jẹ́ ẹni tí yóò sọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá ti gbà pé ó ti bàjẹ́ ná, ẹnu gbogbo wọn á là. Obìnrin tí ó ń gba ẹrù wọlé lálẹ́ lè sọ nǹkan kan níbẹ̀ tí kò sí nínú àkọsílẹ̀ sáfà kankan. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì so ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ ọfà tí ó kàn.

Nọ́ńbà kan fún iṣẹ́ kan

Kò sí bí a ṣe lè sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí iṣẹ́ kan bí a kò bá lè dá a mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó wọ́pọ̀ kí ẹ̀ka títà fún ìbéèrè kan ní nọ́ńbà, kí ẹ̀ka ìsanwó fún un ní òmíràn, kí ilé ìkẹ́rùsí sì tún fi tirẹ̀ lé e, tí ó fi jẹ́ pé bí wàhálà bá dé, a ó wá jókòó máa fi orúkọ oníbàárà wá iṣẹ́ kan ṣoṣo nínú àkọsílẹ̀ mẹ́ta. Ẹ fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ kan ní ẹnu ọ̀nà, kí ẹ sì jẹ́ kí nọ́ńbà náà bá a rìn dé ibi gbogbo, àní nígbà tí ó bá jáde lọ sí ilé iṣẹ́ tí kì í ṣe tiyín. Ní ti ìbánisọ̀rọ̀ láàárín sọ́fítíwià àti sọ́fítíwià, W3C, àjọ tí ó ń ṣe ìlànà fún ìkànnì ayélujára, ti fi ìlànà kan lélẹ̀ láti ọdún 2020, tí wọ́n pè ní Trace Context, èyí tí ó sọ bí irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ rí, kí ó má bàa sọnù lójú ọ̀nà.

Nǹkan mẹ́ta ni àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ kọ̀ọ̀kan kò gbọ́dọ̀ ṣaláìní: nọ́ńbà iṣẹ́ náà, orúkọ ìgbésẹ̀ tí a gbé, àti àkókò tí a gbé e. Èmi a máa fi ìkẹrin kún un, pé kí ẹni tí ó fi nǹkan ránṣẹ́ kọ àkókò tí ó fi í ránṣẹ́, kí ẹni tí ó gbà á náà kọ àkókò tí ó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, nítorí pé láìsí méjèèjì, a kò ní mọ̀ bóyá ojú ọ̀nà ni nǹkan ti pẹ́ tàbí inú ilé. Ẹ ṣọ́ra fún aago o. Aago sáfà méjì kì í bára mu délẹ̀délẹ̀. Lamport kan náà ni ó fi hàn ní ọdún 1978 bí a ṣe lè to ìṣẹ̀lẹ̀ orí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tẹ̀ léra láìgbẹ́kẹ̀ lé aago, nípa gbígbà pé fífi nǹkan ránṣẹ́ gbọ́dọ̀ ṣáájú gbígbà á. Bí àkọsílẹ̀ yín bá sọ pé a gba nǹkan kí a tó fi í ránṣẹ́, aago ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe kí ẹ tó ṣe ìṣirò kankan. Ní 30 Oṣù Kẹfà ọdún 2012, ìṣẹ́jú àáyá kan péré tí wọ́n fi kún aago àgbáyé dá wàhálà sílẹ̀ lórí ọ̀pọ̀ sáfà tí ó ń lo Linux, sọ́fítíwià ìpìlẹ̀ tí ó ń darí kọ̀ǹpútà.

Ẹ jẹ́ kí a wo iṣẹ́ kan ní ojúkojú. Ká ní nọ́ńbà rẹ̀ ni 4471. Ní aago 9:02:11, ẹ̀ka títà gbà á wọlé. Ní 9:02:13, ó béèrè owó lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tí ó ń gba owó. Ìdáhùn máa ń dé láàárín ìṣẹ́jú àáyá méjì, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ yìí, ìṣẹ́jú àáyá 30 pé, kò dé, sọ́fítíwià náà kò sì dúró mọ́. Ní 9:02:44, ó tún béèrè. Ìdáhùn sí ìbéèrè kejì yìí dé ní 9:02:57, ó ní owó ti wọlé. Ilé ìkẹ́rùsí gba àṣẹ ní 9:02:58, wọ́n kó ọjà jáde, iṣẹ́ sì parí ní 9:40. Lójú pátákó tí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan fi ń ṣọ́ iṣẹ́, àwọ̀ ewé ni gbogbo rẹ̀, ìyẹn ni pé kò sí wàhálà.

Ẹni tí ó bá fara balẹ̀ ka àkókò wọ̀nyẹn yóò rí nǹkan méjì. Àkọ́kọ́ ni pé a kò mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ìbéèrè ti 9:02:13. Ó ṣeé ṣe kí owó ti kúrò lọ́wọ́ oníbàárà nígbà náà, kí ó jẹ́ ìdáhùn nìkan ni kò dé, kí a sì ti gba owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Èkejì ni pé ìbéèrè tí ó yọrí pàápàá gba ìṣẹ́jú àáyá 13 níbi tí méjì ti máa ń tó. Iṣẹ́ 4471 kò kùnà lójú ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ó ti jẹ́ kí a mọ̀ pé ewu wà fún 4490 àti 4520 tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Kíka irú àmì yìí lákòókò ni gbogbo ohun tí mo ń sọ.

Ẹ wọn ìdúró dáadáa

Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa ro gbogbo àkókò ìdúró pọ̀, wọn a sì pín in dọ́gba. Bí iṣẹ́ 99 bá gba ìṣẹ́jú àáyá 2, tí ọ̀kan gba 200, bí a bá pín in dọ́gba, yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 4, bẹ́ẹ̀ kò sí iṣẹ́ kankan nínú wọn tí ó gba 4. Èyí tí ó gba 200, tí ó jẹ́ òun ni ó ń kìlọ̀, ti rá mọ́ àárín àwọn yòókù. Ẹ to àkókò náà láti orí èyí tó kéré jù dé orí èyí tó pọ̀ jù, kí ẹ sì máa wo èyí tó wà ní ipò 50, ipò 95 àti ipò 99 nínú 100. Bí ipò 50 bá dúró sójú kan, tí ipò 99 ń gòkè láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, nǹkan kan ti ń jẹrà lábẹ́lẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ìdá kan nínú 100 kéré: bí iṣẹ́ kan bá ní láti dúró de ìdáhùn sáfà 100 lẹ́ẹ̀kan náà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń falẹ̀ lẹ́ẹ̀kan nínú 100, iṣẹ́ 63 nínú 100 ni yóò falẹ̀.

Bí wọ́n bá ní kí n yan nọ́ńbà kan ṣoṣo tí n ó máa ṣọ́, ọjọ́ orí ohun tí ó pẹ́ jù lórí ìlà, níbi tí iṣẹ́ ti ń dúró kí ó tó kàn wọ́n, ni n ó yàn. Ìlà lè gùn nítorí pé oníbàárà pọ̀ lónìí, ohun ayọ̀ sì nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ohun kan ṣoṣo bá wà lórí ìlà tí ó sì ti wà níbẹ̀ fún wákàtí mẹ́fà, nǹkan kan há, bí ìlà náà tilẹ̀ kúrú. Mo rántí iṣẹ́ kan tí mo bá àwọn kan ṣe, tí fáìlì kan gbọ́dọ̀ wọlé láti ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ kejì ní alaalẹ́. Fún alẹ́ mẹ́ta, fáìlì náà wọlé lákòókò, ṣùgbọ́n kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Sọ́fítíwià wa ṣí i, kò rí iṣẹ́ kankan níbẹ̀, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ti parí láìsí àṣìṣe. Ọjọ́ kẹrin ni àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí pè wá. Láti ìgbà náà ni mo ti máa ń kọ ìwọ̀n tí mo retí sí ẹ̀gbẹ́ ọfà kọ̀ọ̀kan: ó kéré tán, iṣẹ́ mélòó ni ó gbọ́dọ̀ kọjá níbí láàárín wákàtí kan? Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, kí ìkìlọ̀ dún, bí kò tilẹ̀ sí àṣìṣe kankan nínú àkọsílẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ náà jẹ́ ìròyìn.

Ìṣirò díẹ̀ wà tí ó yẹ kí ó wà lórí ẹni tí ó bá ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ọ̀kan ni èyí tí John Little fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn ní ọdún 1961: iye iṣẹ́ tí ó wà nínú ètò jẹ́ iye tí ó ń wọlé lọ́nà ìlọ́po àkókò tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń lò níbẹ̀. Bí iṣẹ́ 120 bá ń wọlé ní wákàtí kan, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń lo ìdajì wákàtí, 60 ni ẹ gbọ́dọ̀ bá nínú rẹ̀ nígbàkigbà. Bí ẹ bá ka 180 nígbà tí àwọn tí ó ń wọlé kò pọ̀ sí i, ìdúró ti ń di wákàtí kan àbọ̀, ẹ sì ti mọ̀ kí ẹnì kankan tó ráhùn.

Èkejì ṣe pàtàkì jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé òun ni ó máa ń bá àwọn ọ̀gá lójijì. Láti ọdún 1909 tí Agner Krarup Erlang ti ń ṣe ìṣirò lórí ìpè tẹlifóònù ní ìlú Copenhagen ni a ti mọ̀ pé ìdúró kì í pọ̀ sí i ní wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ẹ wo ibi tí ó jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ni ó ń dá àwọn tó wà lórí ìlà lóhùn, tí iṣẹ́ ń dé bí ó ṣe wù ú, tí gígùn iṣẹ́ náà kò sì ṣeé sọ. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá dí fún ìdajì àkókò, iṣẹ́ tuntun yóò dúró fún ìwọ̀n àkókò tí iṣẹ́ kan ń gbà. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá dí fún 80 nínú 100, ìdúró á di ìlọ́po mẹ́rin. Ní 90, ìlọ́po mẹ́sàn-án. Ní 95, ìlọ́po mọ́kàndínlógún. Ẹ̀ka tí ó ń yangàn pé òun ń lo 90 nínú 100 agbára òun ti dé etí bèbè, ìwọ̀nba iṣẹ́ díẹ̀ sí i ni yóò sì tì í wọ inú kòtò. Bí mo bá rí ìgbésẹ̀ tí ó ti kọjá 80, mo máa ń fi í sínú ìwé àwọn tí ewu wà lórí wọn, kódà nígbà tí ohun gbogbo bá ṣì ń lọ geerege.

Ẹ̀kẹta ni ìlọ́po ìdánilójú. Bí iṣẹ́ bá ní ìgbésẹ̀ mẹ́jọ, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń yọrí lẹ́ẹ̀mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún nínú 100, nǹkan bí 92 nínú 100 iṣẹ́ ni yóò yọrí dé òpin. Ìkùnà 8 nínú 100 wà níbẹ̀, síbẹ̀ kò sí ẹ̀ka kan tí yóò gbà pé òun ni. Ẹ sì wo àtúngbìyànjú pẹ̀lú. Bí ìpele mẹ́ta bá wà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹ́ta bí kò bá rí ìdáhùn, ìbéèrè oníbàárà kan lè di ìpè 27 sórí sáfà tí àárẹ̀ ti mú tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, ẹ máa ka iye àtúngbìyànjú bí ẹ ti ń ka àṣìṣe. Ó máa ń gòkè kí àṣìṣe tó fara hàn.

Àwọn ìkùnà tí ọjọ́ wọn ti wà nínú kàlẹ́ńdà

Àwọn kan wà tí kò nílò ìṣirò. Ní 6 Oṣù Kejìlá ọdún 2018, nẹ́tíwọ́ọ̀kì O2 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dákú fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ mílíọ̀nù ènìyàn, nítorí pé sátífíkéètì kan, ìyẹn ìwé ẹ̀rí ìdánimọ̀ orí kọ̀ǹpútà, nínú sọ́fítíwià tí ilé iṣẹ́ Ericsson ṣe ti kọjá ọjọ́ rẹ̀. Ọjọ́ tí yóò kú ti wà lára rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é. Ẹ kó ọjọ́ ìparí sátífíkéètì, àdéhùn, ọ̀rọ̀ aṣínà àti ìwé àṣẹ gbogbo jọ sí ojú kan, ti àwọn ilé iṣẹ́ tí ẹ ń bá ṣe pẹ̀lú, kí ẹ sì yan ẹni tí yóò máa kà wọ́n lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀.

Ọjọ́ tí a bá yí nǹkan padà náà jẹ́ ọjọ́ ewu. Ní 1 Oṣù Kẹjọ ọdún 2012, Knight Capital, ilé iṣẹ́ tí ó ń ra ìpín ìdókòwò tí ó sì ń tà á ní Amẹ́ríkà, pàdánù nǹkan bí 440 mílíọ̀nù dọ́là láàárín ìṣẹ́jú 45, nítorí pé wọ́n fi sọ́fítíwià tuntun sórí sáfà méje nínú mẹ́jọ, wọ́n sì gbàgbé ìkẹjọ. Ohun tí ó dùn mí jù nínú ìtàn náà ni pé kí ọjà tó ṣí ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn, ètò wọn ti fi ìmeèlì 97 ránṣẹ́ sí àwọn òṣìṣẹ́ tí ó tọ́ka sí àṣìṣe náà. A kò ṣe àwọn ìmeèlì náà láti jẹ́ ìkìlọ̀, kò sì sí ẹni tí ó gbé ìgbésẹ̀ lórí wọn.

Láti àkọsílẹ̀ dé àsọtẹ́lẹ̀

Ẹ kọ́kọ́ pinnu ohun tí ẹ ń pè ní ìkùnà. Iṣẹ́ tí kò parí ti kùnà, èyí tí ó parí lẹ́yìn ọjọ́ tí a ṣèlérí ti kùnà, èyí tí ó parí pẹ̀lú èsì tí kò tọ̀nà, bí owó tí a gbà lẹ́ẹ̀mejì, ti kùnà jù wọ́n lọ. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí gbogbo ẹ̀ka sì fọwọ́ sí i, nítorí pé àsọtẹ́lẹ̀ ohun tí a kò fẹnu kò lé lórí yóò di àríyànjiyàn.

Lẹ́yìn náà, ẹ mú àkọsílẹ̀ oṣù mẹ́ta, kí ẹ sì béèrè lórí ọfà kọ̀ọ̀kan pé: nínú àwọn iṣẹ́ tí ó dúró níbí ju ìṣẹ́jú 5 lọ, mélòó ni ó kùnà nígbẹ̀yìn? Ju ìṣẹ́jú 15 lọ ńkọ́? Ju wákàtí kan lọ ńkọ́? Ká ní iṣẹ́ 1 nínú 100 ni ó ń kùnà lápapọ̀, ṣùgbọ́n nínú àwọn tí ó ti dúró ju ìṣẹ́jú 15 lọ láàárín ìsanwó àti ilé ìkẹ́rùsí, 40 nínú 100 ni ó kùnà. Ẹ ti ní àsọtẹ́lẹ̀ lọ́wọ́ nìyẹn, ẹ kò sì tíì lo ju ìṣirò kékeré lọ. Ẹ má yọ àwọn iṣẹ́ tí kò tíì parí kúrò nínú ìṣirò náà, torí pé àwọn gan-an ni wọ́n pẹ́ jù; ọ̀nà tí Kaplan àti Meier fi lélẹ̀ ní ọdún 1958 fún kíka àwọn tí òpin wọn kò tíì hàn ṣì wúlò níbí, ó sì wà nínú ọ̀pọ̀ sọ́fítíwià ìṣirò. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ kọ iye wọ̀nyí sínú tábìlì kékeré kan, kí ẹ sì lò ó fún oṣù kan kí ẹ tó ronú nípa mọ́dẹ́ẹ̀lì tí ó ń kọ́ ẹ̀kọ́ láti inú dátà. Mo ti rí ibi tí tábìlì náà ti tó, tí owó tí wọn ì bá fi ra mọ́dẹ́ẹ̀lì sì lọ sí àtúnṣe ọfà méjì.

Bí ẹ bá wá lo mọ́dẹ́ẹ̀lì, àṣìṣe méjì ni kí ẹ sá fún. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó rí ohun tí a kò tíì mọ̀ ní àkókò tí a fẹ́ kí ó sọ̀rọ̀. Bí ó bá ń wo àkọsílẹ̀ pé a dá owó padà fún oníbàárà, kì í ṣe àsọtẹ́lẹ̀ ni ó ń sọ, ìtàn ni. Ẹ má sì da oṣù pọ̀ mọ́ra nígbà tí ẹ bá ń dán an wò: ẹ fi àwọn oṣù tó ṣáájú kọ́ ọ, kí ẹ fi oṣù tó tẹ̀ lé wọn wò ó.

Kí ẹ tó gbà á wọlé, ẹ ṣe ìṣirò yìí. Nínú iṣẹ́ 10,000, ká ní 100 ni yóò kùnà. Mọ́dẹ́ẹ̀lì yín mú 80 nínú wọn, èyí tí ó dára. Ó tún ṣèèṣì kìlọ̀ lórí 5 nínú 100 àwọn tí kò ní kùnà, èyí tí ó dà bíi pé ó kéré. Ṣùgbọ́n àwọn tí kò ní kùnà jẹ́ 9,900, nítorí náà ìkìlọ̀ òfìfo 495 ni yóò dún. Ìkìlọ̀ 575 lápapọ̀, 80 péré ni òótọ́, ìyẹn nǹkan bí ọ̀kan nínú méje. Bí yíyẹ ìkìlọ̀ kan wò bá gba ìṣẹ́jú méjì, ó lè tọ́ bẹ́ẹ̀. Bí ó bá gba ìdajì wákàtí, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì ni àwọn òṣìṣẹ́ yóò ti dẹ́kun kíkà á, ẹ ó sì ti padà sí ibi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí ìkìlọ̀ gbọ́dọ̀ sọ

Ìkìlọ̀ tí kò ní orúkọ ẹni tí yóò gbé ìgbésẹ̀ kò yàtọ̀ sí ìmeèlì 97 yẹn. Kí ó sọ iṣẹ́ tí ó kàn, orí ọfà tí ó há sí, iye àkókò tí ó kù kí ìlérí tí a ṣe fún oníbàárà tó yẹ̀, àti ohun tí a lè ṣe. Ohun tí a lè ṣe yìí ni a gbọ́dọ̀ ti múra rẹ̀ sílẹ̀. Ní ọdún 1987 kan náà, Hector Garcia-Molina àti Kenneth Salem ṣàlàyé ọ̀nà kan tí wọ́n pè ní saga: kí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìgbésẹ̀ ìdápadà tirẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé bí ìkẹfà bá kọ̀, a ó lè tú ìkarùn-ún, ìkẹrin àti àwọn tó ṣáájú wọn ká lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ sì rí i dájú pé ìgbésẹ̀ tí a bá tún gbé kò ní ṣe nǹkan lẹ́ẹ̀mejì. Bí ilé iṣẹ́ tí ó ń gba owó bá ti mọ nọ́ńbà 4471, ìbéèrè ti 9:02:44 ì bá ti gba ìdáhùn pé owó yìí ti wọlé, kò sì ní sí iyèméjì kankan.

Ẹ má gbàgbé pé ohun tí ó ń ṣọ́ iṣẹ́ náà lè kú. Ní 14 Oṣù Kẹjọ ọdún 2003, sọ́fítíwià ìkìlọ̀ ní yàrá ìṣàkóso iná mànàmáná kan ní ìpínlẹ̀ Ohio dákú, àwọn òṣìṣẹ́ kò mọ̀, wọ́n gbà pé àìdún rẹ̀ túmọ̀ sí àlàáfíà. Nígbà tí ó fi máa di ìrọ̀lẹ́, iná ti lọ lọ́wọ́ nǹkan bí 50 mílíọ̀nù ènìyàn ní Amẹ́ríkà àti Kánádà. Nítorí náà, ẹ máa rán iṣẹ́ àdánwò kan la gbogbo ọ̀nà náà já ní wákàtí wákàtí, èyí tí ẹ mọ àkókò tí ó gbọ́dọ̀ dé òpin. Ẹ sì máa mọ̀ọ́mọ̀ dá a dúró lẹ́ẹ̀kan lóṣù láti wò ó bóyá ìkìlọ̀ yóò dún.

Ó ku ohun kan tí ó máa ń da àwọn tí ó ń ṣe iṣẹ́ yìí láàmú nígbà tí ó bá ti ń yọrí. Bí a bá kìlọ̀, tí òṣìṣẹ́ sáré lọ tú ohun tí ó há, iṣẹ́ náà kò ní kùnà mọ́, àkọsílẹ̀ yóò sì fi hàn bíi pé àṣìṣe ni a sọ. Bí a bá fi irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kọ́ mọ́dẹ́ẹ̀lì ní ọdún tó ń bọ̀, yóò kọ́ pé ìdúró ìṣẹ́jú 15 kò léwu. Ẹ kọ àsọtẹ́lẹ̀ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ pẹ̀lú àkókò tí a sọ ọ́, ohun tí a ṣe lórí rẹ̀, ẹni tí ó ṣe é, àti ohun tí ó gbẹ̀yìn rẹ̀. Níbi tí ìpalára kò bá pọ̀, ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀ láìfọwọ́ kàn án, kí ẹ lè rí bí yóò ti parí fúnra rẹ̀. Níbi tí ó bá jẹ́ owó oníbàárà ni ó wà nínú ewu, ẹ má dán irú rẹ̀ wò. Ẹ kàn fi àmì sí iṣẹ́ náà pé ọwọ́ ènìyàn ni ó gbà á là, kí ẹ sì yọ ọ́ kúrò lára ohun tí ẹ ó fi kọ́ mọ́dẹ́ẹ̀lì.